Bó O Ṣe Lè Gé Koríko Ilé Rẹ ní Òkòtà Láì Jẹ́ Kí Agékoríko Rẹ́ Ọ Jẹ

Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tó jẹ́ iyanrìn gbígbẹ ní oṣù kejì ti di koríko, o sì ti ń gbọ́ ẹ̀rọ agékoríko lójúlé kejì, tó ń dún bí ọ̀kadà tí sàlẹ́ńsà rẹ̀ já. Ó ti ń bọ̀ wá kàn ọ́ nìyẹn. Lónìí tàbí lọ́la, ọkùnrin kan á kan géètì, á ní, “Ẹ kú ilé o, ẹ ò ní gé koríko yìí ni?” á sì dá iye kan lé e.

Mo mọ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù. Kì í ṣe ejò. Kì í ṣe ẹ̀fọn. Kì í ṣe omi tó máa ń ya wá kí àwọn tó kọ́lé sí ìsàlẹ̀ bí òjò bá le. Ẹ̀rù tó ń bà ọ́ ni pé kí ọkùnrin yẹn má lọ fi ẹgbẹ̀rún mélòó kan lé owó tó yẹ kó gbà. Ẹ̀rù tó bọ́gbọ́n mu ni. Ẹni tó ti sanwó fún ọmọ onílẹ̀ nígbà tó ra ilẹ̀, tó tún san nígbà tó ṣe fáńdéṣọ̀n, tó tún san nígbà tó fẹ́ kan páànù, kò yẹ kó wá jẹ́ koríko ló máa gba èyí tó kù lọ́wọ́ ẹ̀.

Tẹ̀lé ìtọ́ni yìí létòlétò, má fo ọ̀kankan. Ohun tó o máa lò kò pọ̀: fóònù, ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbé Amẹ́ríkà, ayálégbé mẹ́rin, àgbò kan, bírò pupa, àti ìwé kékeré tí wàá máa kọ èrè rẹ sí.

1. Má wọn ilẹ̀ rẹ

Àwọn kan á sọ fún ọ pé kéèyàn tó mọ iye tó máa san, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ bí ibi tí koríko bò ṣe tóbi tó. Má dá wọn lóhùn. Pulọ́ọ̀tì kan ní Èkó sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú, 120 ní gígùn. Bó o bá yọ ilé kúrò níbẹ̀, tó o yọ sọ́kàwéè, tó o yọ bọ́hóòlù àti ibi tí jẹnẹrétọ̀ jókòó sí, wàá mọ èyí tó kù gan-an. Wàá wá rí i pé ọkùnrin yẹn ò purọ́. Kí ni wàá fi bá a jà nígbà náà?

“Ibi kékeré yẹn” ni kó o máa pè é. Pè é bẹ́ẹ̀ nílé, pè é bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, kó mọ́ ọ lẹ́nu. Bí ayálégbé bá ní òun fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe ìsọmọlórúkọ, ìgbà yẹn ni kó o pè é ní “gbogbo iwájú ilé wa pátá”, kó o sì gbowó lọ́wọ́ ẹ̀. Ilẹ̀ kan náà ni. Ọwọ́ ẹni tí owó ti ń jáde ló ń fẹ̀ ẹ́, òun náà ló ń sún un kì.

2. Pe ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Houston

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń gé koríko lẹ́yìn Àgó Palace ní Òkòtà níbí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iye tí wọ́n ń gé e ní Texas. Pè é kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́dọ̀ wọn, kó lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pàtàkì ni. Á ní nǹkan bí dọ́là 50 lòun ń san lẹ́ẹ̀kan, pé wọ́n á gbé ẹ̀rọ wọn wá nínú ọkọ̀, wọ́n á sì ti gé e tán kí tíì tó wà lọ́wọ́ òun tó tutù. Á tún ní bí òun ò bá gé e, ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò á kọ lẹ́tà sí òun, wọ́n á sì bu owó ìtanràn lé òun.

Bá a kẹ́dùn. Sọ fún un pé àwa náà ní irú ẹ̀ rí, pé wolé-wolé ayé ìjọba Òyìnbó kì í kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì: á wọlé, á yọjú sínú ìkòkò omi bóyá tánwìjí wà níbẹ̀, á yí lọ sẹ́yìnkùlé lọ wo koríko, á sì kọ̀wé pe bàbá àgbà lọ sí kóòtù. Àwọn tó gbé irú ìgbà yẹn rí kì í bá koríko ṣeré. Ìwọ bọ́ sí ayé tó tù ọ́ lára.

Wá mú fóònù, ṣe ìṣirò. Bí dọ́là bá jẹ́ náírà 1,500, dọ́là 50 di 75,000. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2024 jẹ́ 70,000. Ìyẹn ni pé ẹni tó gé koríko ẹ̀gbọ́n rẹ kó tó mu tíì tán gbà ju ohun tí òṣìṣẹ́ kan níbí fi odidi oṣù jí dìde fún. Má jẹ́ kí ìyẹn kó ìrònú bá ọ. Ìdí tó o fi pè é kò ju kó o lè sọ fún agékoríko pé, “Ní Amẹ́ríkà níbi tí mo ti béèrè, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń gé e, kì í pẹ́ rárá.” Fi dọ́là sílẹ̀. Kì í pẹ́ yẹn nìkan ni kó o mú bọ̀.

3. Jẹ́ kí koríko gbó dáadáa

Òjò Èkó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, á le ní oṣù kẹfà, á sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, á sì tún padà títí wọ oṣù kẹwàá. Ẹni tó bá ń gé koríko ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta á sanwó nígbà bíi mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀kan ni ìwọ máa san. Ta ló gbọ́n nínú ẹ̀yin méjèèjì?

Nígbà tó bá dé kókósẹ̀, ṣe bí ẹni tí kò rí i. Nígbà tó bá dé orúnkún, sọ fún ìyàwó rẹ pé atẹ́gùn tútù ló ń fún wa. Dúró títí á fi dé ìbàdí, tí bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ á fi wọ inú ẹ̀ ní Sátidé tí wọn ò sì rí i títí di Sátidé kejì.

Fi àsìkò yìí mọ àwọn àlejò rẹ lórúkọ. Èyí tó tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, tó mú ilẹ̀ bíi pé wọ́n fi ìṣó kàn án, gbẹ́gi ni. Èyí tí ewé rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí ọ̀kọ̀, ẹkan ni. Bó o bá bẹ́ ẹ lórí, gbòǹgbò tó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ ò tiẹ̀ gbọ́ pé nǹkan ṣẹlẹ̀ lókè. Èyí tó ń rú lẹ́bàá fẹ́ǹsì, tí òórùn rẹ̀ ń ta síni nímú béèyàn bá já a, ewé Akíntọ́lá ni. Àwọn kan ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀; ó kù sọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí bàbá kálukú ṣe. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà lòun náà ti wá, kò gba físà, ó sì ti gba oko ilẹ̀ Yorùbá tán kó tó rántí ẹ̀yìnkùlé rẹ.

Àwọn agékoríko ò ka ewé Akíntọ́lá tó ti gbó sí koríko. Igi ni. Àdá ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀, owó àdá sì yàtọ̀ sí owó ẹ̀rọ. Ohun tó jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ fún wákàtí kan, o ti sọ ọ́ di iṣẹ́ àdá fún àárọ̀ méjì. Iye ẹ̀ẹ̀kan yìí lè tó ti ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó lè tó ti ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Kọ ọ́ sínú ìwé.

4. Ọkùnrin náà ni kó o wò, má wo koríko

Ó ti dé. Ṣí géètì. Àwọn òmùgọ̀ ló máa ń yí ojú sí koríko nígbà tí wọ́n bá ń ná owó koríko. Ìwọ, wo ẹni tó dúró níwájú rẹ. Bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Sílípáàsì ló wọ̀, ọ̀kan búlúù, èkejì pupa. Wo ẹ̀rọ tó gbé kọ́ èjìká, tó fi àkísà di ibi tó ń họ ọ́ lára. Wo ike ragólíìsì tó rọ epo sí, tí epo náà ti pọ́n nítorí ọ́ìlì tó dà mọ́ ọn. Gbogbo ohun tó o rí yìí ló ń sọ iye iṣẹ́ náà fún ọ. Ẹni tí bàtà rẹ̀ kò bára mu kò lè kọ owó.

Má wádìí epo inú ike yẹn. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Tinubu ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà kan fò ní Èkó láti nǹkan bí náírà 185 sí 488 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti di 998 nílé epo NNPC. O rántí dáadáa, nítorí lórí ọ̀rọ̀ yìí lo ṣe fi owó kún owó ilé lẹ́ẹ̀mejì. Epo tìẹ ló wọ́n. Ti agékoríko, odò ló ti lọ pọn ọ́n.

Jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Bàbá, ẹ mú 20,000 wá.”

Rẹ́rìn-ín. Má rẹ́rìn-ín kékeré.

“Ogún kí ni? Ṣé o fẹ́ ra ilẹ̀ náà ni?”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ wò ó, ó ti digbó. Àdá la máa kọ́kọ́ fi wọ ọwọ́ ibẹ̀ yẹn ká tó gbé ẹ̀rọ débẹ̀.”

“Ibi kékeré yẹn?”

“Ká ní ẹ pè mí nígbà tí mo kọjá lóṣù karùn-ún ni, 6,000 ni mi ò bá gbà.”

Gbólóhùn yìí ni kó o jẹ́ kó gba etí ọ̀tún wọlé kó gba tòsì jáde. Bèèrè ìlú ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ dípò bẹ́ẹ̀. Á ní Ṣakí lòun ti wá. Sọ fún un pé o ní àna ní Ṣakí. Bí ẹ ti di àna báyìí, ní kó gba 5,000.

“Háà, Bàbá. Èmi àtàbúrò mi la máa ṣe é o.”

“Ta ló ní kó o mú àbúrò dání?”

Lẹ́yìn èyí, wọlé lọ. Jókòó. Wo ìròyìn. Jẹ́ kí oòrùn bá a sọ̀rọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Oòrùn kì í gba owó lọ́wọ́ onílé. Nígbà tó o bá tún yọjú, wàá bá a lórí búlọ́ọ̀kù kan lẹ́bàá ògiri, tó fi ẹsẹ̀ méjèèjì di àdá rẹ̀ mú, tó ń fi fáìlì pọ́n ọn. Ìró ẹ̀ ò pọ̀, ṣìì, ṣìì, láti ìdí lọ sórí. Á dúró, á fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu àdá wò níbùú, bí ìyá ṣe ń wo ara ọmọ bóyá ó gbóná, á tún padà sí i. Àbúrò rẹ̀ ti ń ṣa òkúta kúrò nínú koríko, ó ń jù ú sẹ́bàá fẹ́ǹsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ, ẹ ò sì tíì fẹnu kò síye kan.

Ibi tí wàá ti mú un gan-an nìyí. Ní 15,000 lòpin, kó o sì fi kún un pé, “Iṣẹ́ ṣì pọ̀ níwájú, èmi kì í pààrọ̀ èèyàn.” O mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lò ń gé koríko. Òun náà mọ̀. Á gbà.

O ti jèrè 5,000. Kọ ọ́ sínú ìwé, fi bírò pupa yí i po. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún yìí la máa ṣọ́ láti ibí lọ. Ohunkóhun ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

5. Jẹ́ kí mọ́tò wà níbi tó wà

Á bẹ̀ ọ́ kó o gbé mọ́tò kúrò. Má gbà. Ọgbọ́n àtigbé e síta kí wọ́n jí dígí ẹ̀ ló ń dá. Ní kó máa gé e yí mọ́tò ká.

Okùn ọ̀rá tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ yẹn ń pòyì nígbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín ìṣẹ́jú kan. Kò mọ koríko yàtọ̀ sí òkúta wẹ́wẹ́ tí bíríkìlà fi sílẹ̀ fún ọ lọ́dún tó o kọ́lé, ogún ìṣẹ́jú kò sì tó fún àbúrò láti ṣa gbogbo ẹ̀ tán. Wàá gbọ́ tá! lẹ́ẹ̀kan. Gíláàsì ẹ̀yìn Camry tòkunbọ̀ kì í fọ́ sí méjì. Á kọ́kọ́ funfun láti igun dé igun, á dúró bẹ́ẹ̀, bíi pé ó ń rò ó bóyá kó forí jì ọ́. Wàá ráyè sọ pé “Olúwa o.” Ìgbà yẹn ló máa wá dà wálẹ̀ wọrọwọrọ sórí àga ẹ̀yìn.

Agékoríko á pa ẹ̀rọ. Gbogbo àdúgbò á dákẹ́. Sọ fún un pé òun ló máa ra òmíràn. Wá wo bàtà ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Má kọ owó gíláàsì sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ mọ́tò nìyẹn, ìwé koríko sì ni tiwa.

6. Má bèèrè ibi tí koríko gígé ń lọ

Owó gígé lọ́tọ̀, owó kíkó lọ́tọ̀. Kò sí agékoríko tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń retí kó o bèèrè. Má bèèrè. Á kó o jọ sẹ́bàá ògiri, á gba 15,000 rẹ̀, á lọ. Pe ọlọ́mọlanke, á ní 4,000. Èèwọ̀! Nínú ẹgbẹ̀rún márùn-ún wa? Dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tí iná bá lọ, kó o fi ṣọ́bìrì tì í sínú gọ́tà. Gọ́tà ò ní dá iye kankan lé e. Òjò ló máa wá sọ iye tiẹ̀ tó bá yá.

7. Fi ayálégbé ṣe é

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, o ti búra pé agékoríko kankan ò ní gba géètì rẹ wọlé mọ́. Ìbúra akọ. Ayálégbé ló kàn.

Láti ayé WAI, ogun lòdì sí ìwà àìníjàánu ti ìjọba Buhari àti Idiagbon, láàárín 1984 sí 1985, ni Sátidé ìmọ́tótó ti wọ̀ wá lára. Ní Èkó nígbà náà, Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, láti aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀, ẹsẹ̀ kan ò gbọdọ̀ yọ sí títì. Ní ọdún 2016, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ní kò sí òfin tó fún ìjọba lágbára láti sé aráàlú mọ́lé bẹ́ẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ sì jáwọ́ nínú ìsémọ́lé náà. Má jẹ́ kí àwọn ayálégbé rẹ gbọ́ sí i. Kan ilẹ̀kùn wọn ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Fún àwọn mẹ́rin ní àdá kan.

Ìyá ìsàlẹ̀ á ní ọrùn ọwọ́ ń dun òun. Èyí tó ń ṣe awakọ̀ ti jáde láago márùn-ún. Ó gbọ́ nípa kóòtù. Akọ̀wé báńkì tó wà lókè nìkan ló máa sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ funfun. Kò gbá àdá mú rí láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọlúwàbí ni, ó ń gbìyànjú. Àdá kẹta tó sọ á ba páìpù bọ́hóòlù. Omi á tú yàà sókè, á rẹ akọ̀wé láti orí dé ìbọ̀sẹ̀, gbogbo ilé á sì wà láìlómi títí púlọ́ńbà á fi dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Owó púlọ́ńbà, ọ̀rọ̀ omi nìyẹn. Kì í ṣe ti koríko.

8. Ra àgbò

Àgbò kì í ná owó, kì í mú àbúrò dání, kì í sì fọ́ gíláàsì. Rà á ní oṣù méjì ṣáájú Iléyá, kí owó ẹ̀ tó gòkè, kó máa jẹ koríko rẹ títí di ọjọ́ tí ìwọ náà máa jẹ ẹ́. Kò sí agékoríko kan ní gbogbo Ìsọlọ̀ tó lè ṣe irú ìyẹn fún ọ.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, á jẹ òdòdó ìyàwó rẹ. Lọ́jọ́ kejì, á jẹ tẹ̀tẹ̀ tí ìyá ìsàlẹ̀ gbìn sínú táyà àlòkù. Lọ́jọ́ kẹta, á fa táwẹ̀lì kan já lórí okùn, á sì jẹ etí ẹ̀ yí po, bíi pé télọ̀ ló rán an níṣẹ́. Kò ní fẹnu kan ẹkan, nítorí ẹkan tó ti gbó ń gé ẹnu bí abẹ. Kò ní súnmọ́ ewé Akíntọ́lá. Á dúró láàárín koríko tó dé e nígbáyà, á gbórí sókè, á máa ké pé ebi ń pa òun.

Ìwọ á wá lọ ra koríko. Bẹ́ẹ̀ ni. Wàá lọ bá àwọn Hausa tó ń tà á ní dídì-dídì nítòsí ọjà àgbò, wàá ra èèpo ẹ̀wà kún un, wàá gbé e gba géètì wọlé, wàá gbé e la koríko tìrẹ já, wàá sì gbé e síwájú ẹranko tó dúró lórí oúnjẹ. Èmi náà dé ibẹ̀ rí. Lọ́dún tèmi, alẹ́ ni mo máa ń gbé e wọlé, mo sì máa ń sọ fáwọn ará ilé pé ìrẹsì ni.

Má kọ oúnjẹ àgbò sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ Iléyá nìyẹn.

9. Fi oògùn pa á

Lọ sọ́jà, kó o ní èyí tó gbóná lò ń fẹ́. Àjọ NAFDAC fòfin de paraquat, oògùn apakoríko kan, láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, nítorí ẹni tó bá ṣèèṣì gbé e mì, kò sí oògùn tó ń ṣẹ́gun ẹ̀. Òmùgọ̀ ló máa gbọ́ èyí táá bẹ̀rù. Ìwọ á mọ̀ pé ohun tí ìjọba bá fòfin dè ló ń ṣiṣẹ́. Bí ọlọ́jà bá wo ọ̀tún wo òsì kó tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú un lábẹ́ tábìlì, èyí tó o ń wá nìyẹn. Má ka ohun tí wọ́n kọ sára ike, lẹ́tà ẹ̀ ti kéré jù. Má bo imú. Fọ́n ọn lójú atẹ́gùn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, koríko á pọ́n, á gbẹ. Ewúro ẹ̀yìnkùlé á tẹ̀ lé e. Efinrin á tẹ̀ lé ewúro. Ìyá ìsàlẹ̀ ò ní kí ọ mọ́. Ṣùgbọ́n wo ilẹ̀! Ó dán bí orí apárí.

Ká sòótọ́, bí ojúde àwọn baba wa ṣe rí náà nìyẹn. Ìgbálẹ̀ ni wọ́n ń fà lórí ẹ̀ láràárọ̀ títí ilẹ̀ á fi máa kọ mọ̀nà. Bí koríko bá hù lójúde, àwọn èèyàn á bèèrè ìgbà tí bàbá onílé kú. Òyìnbó ló gbé e dé Ìkòyí pé koríko lójúde ni iyì ilé, tí wọ́n bá ṣáà ti ń gé e mọ́lẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ wọn kan tó ń jẹ́ Edwin Budding, ní Gloucestershire, ló gba ìwé àṣẹ ẹ̀rọ agékoríko àkọ́kọ́ ní 1830. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rẹ́ irun ojú aṣọ nílé iṣẹ́ aláṣọ ló wò ṣe é. Láti ìgbà yẹn ni ẹni tó bá fẹ́ koríko ti ń sanwó koríko, ẹni tí kò bá fẹ́ a fa ìgbálẹ̀. Ìwọ ń fẹ́ koríko Ìkòyí ní owó ìgbálẹ̀. Mi ò bá ọ wí. Ìdí tí mo fi jókòó kọ ìwé yìí nìyẹn.

Òjò oṣù keje á wá dé bá ilẹ̀ tí kò ní ohun tó mú un mọ́. Á gba iyanrìn, á gbé e lọ sí gọ́tà. Gọ́tà á ní òun ti jẹun, koríko èṣí ṣì wà lọ́nà ọ̀fun òun. Ilé ẹni tó gbé e fún un ló máa dá a padà sí. Ní aago méjì òru, wàá gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ ní pálọ̀, ilẹ̀ á sì dún pọ̀ṣọ̀.

10. Íntalọ́ọ̀kù

O ti ṣe tán báyìí láti parí ọ̀rọ̀ koríko títí ayé. Pe àwọn oníntalọ́ọ̀kù. Ọ̀gá wọn á bèèrè bí ibẹ̀ ṣe tóbi tó. Sọ fún un pé ibi kékeré ni. Á rẹ́rìn-ín, á fa téèpù yọ lápò, á ní kó o bá òun di etí kan mú. Ìwọ lẹ́bàá géètì, òun lẹ́bàá sọ́kàwéè, téèpù á nà láàárín yín. Láti ọjọ́ tó o ti ra ilẹ̀ náà, ìgbà àkọ́kọ́ tó o máa rí i bó ṣe gùn tó nìyẹn. Á pe iye kan. Má ṣírò ọdún mélòó tí agékoríko ìbá fi owó yẹn jẹun. Mo ti bá ọ ṣírò ẹ̀, mo sì ti fa ojú ìwé yẹn ya.

Sanwó. Wọ́n á da iyanrìn, wọ́n á tẹ́ ẹ, wọ́n á tò ó. Kò ní sí koríko kan ṣoṣo. Jókòó sí báńkóònì lálẹ́, yọ ìwé rẹ, wo ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà nínú òbìrìkìtì pupa. Kò dín ní kọ́bọ̀.

Ní òjò kejì lẹ́yìn ìyẹn, gbẹ́gi á yọ láàárín íntalọ́ọ̀kù kìn-ín-ní àti èkejì. Lẹ́yìn náà láàárín gbogbo wọn. Á tò lẹ́sẹẹsẹ, bíi pé wọ́n fi rúlà gbìn ín.

Ẹnì kan á kan géètì. Ọmọ Ṣakí ni. Bàtà rẹ̀ ti bára mu. Á kí ọ, á bèèrè àlàáfíà àwọn àna rẹ, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi ìka méjì di gbẹ́gi kan mú, á fà á. Ewé á já sí i lọ́wọ́. Gbòǹgbò á dúró síbi tó wà.

“Bàbá, èyí ò gba ẹ̀rọ, kò gba àdá. Ọwọ́ la máa fi tú u, lọ́kọ̀ọ̀kan.”

“Èló ni?”

“Ẹ mú 40,000 wá.”

Rẹ́rìn-ín. Má rẹ́rìn-ín kékeré.